Oore-ọ̀fẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé

Ẹ̀yin ará ilé mi, ọ̀kun o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò àtikọ nǹkan yìí, mo dẹ̀ mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí i, pàápàá àwọn alàgbà wa níjọ tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti kún inú mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju báyìí lọ: oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló ń kọ́kọ́ dé bá èèyàn, ìyípadà ló ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwa tá a wà níbí ní ilẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà lọ dé Ìsánlú lọ dé Ẹ̀gbẹ̀, a ti gbé èyí tó kẹ́yìn síwájú. A máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ yí padà ná, kó dúró ká wò ó, ká tún bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ bóyá òótọ́ ni, ìgbà yẹn la máa tó gbà pé Ọlọ́run lè fẹ́ràn rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù, orí 5 ẹsẹ 8, pé ìgbà tá a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa. Ìgbà tá a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ o. Kì í ṣe ìgbà tá a ti fi ọtí sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tá a ti lé àlè lọ, kì í ṣe ìgbà tá a ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà síta láìkọsẹ̀. Nígbà tí a ò tíì ní nǹkan kan tá a lè kó wá síwájú Ọlọ́run, ìgbà yẹn ló wá.

Àwa Òkun gan-an, ó yẹ kó yé wa ju ẹlòmíì lọ, torí bí ìhìnrere ṣe dé ọ̀dọ̀ wa náà nìyẹn. Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, òun ló mú iṣẹ́ Ọlọ́run dé Lọ́kọ́jà, ìwé Róòmù tí mo ń tọ́ka sí yìí dẹ̀ wà lára àwọn ìwé Bíbélì tó kọ́kọ́ túmọ̀ sí èdè wa. Lẹ́yìn ìyẹn ní 1893, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kan, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n láwọn ń bọ̀ wá sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ yìí. Nígbà tó máa fi di ìparí 1894 Gowans àti Kent ti kú, àìsàn ló pa wọ́n. Bingham padà sílé, ó tún padà wá, àìsàn tún lé e lọ, síbẹ̀ wọn ò fi sílẹ̀, 1902 ni wọ́n rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Pàtígi, nígbà tó di 1908 Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì wọn, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Ẹ rò ó wò. Ta ló kọ lẹ́tà pè wọ́n nínú wa? Kò sẹ́nì kan tó tíì sọ òrìṣà rẹ̀ nù ní Yàgbà torí Jésù nígbà tí Gowans ń kú lọ yẹn, kò sẹ́ni tó tíì ronú pìwà dà, kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ pé nǹkan kan wà tó fẹ́ ronú pìwà dà sí. Nǹkan ti ná àwọn kan lẹ́mìí nítorí wa kí a tó mọ orúkọ wọn. Ìrandíran àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn rí báyìí ló wá jókòó síbi ìgbìmọ̀ ìjọ lónìí tí wọ́n ń wo ọmọ ọlọ́mọ láti òkè délẹ̀ bóyá ó yẹ.

Ẹ̀yin náà mọ bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Tí ọmọbìnrin bá lóyún nílé bàbá rẹ̀, wọ́n á pè é síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á bi í ní àwọn ìbéèrè tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bi ọmọdé lójú àwọn bàbá tó tó bàbá rẹ̀ bí, wọ́n á yọ ọ́ nínú kúwáyà, wọ́n á ka orúkọ rẹ̀ síta lọ́jọ́ Sọ́ńdè nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìkéde, wọ́n á wá ní kó lọ máa jókòó lẹ́yìn títí wọ́n á fi sọ fún un pé ó tó. Mi ò ní dárúkọ ìjọ tàbí ìlú, torí kì í ṣe ibì kan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Mo lọ bá ẹbí kan ṣe ìsìn nígbà kan, ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti bímọ tán, ó pọn ọmọ náà, bẹ́ńṣì tó jókòó lé wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ń kó agboòrùn àti bọ́ọ̀dù àwọn ọmọ Sọ́ńdè skúùlù sí. Nígbà tí wọ́n ń pín Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, úṣà gbé àtẹ débẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó kọjá. Ọmọ yẹn ò gbójú sókè, ó kàn ń fi ọwọ́ kan ṣe ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń bọ́. Ìyá àgbà kan dìde níwájú, lórí ìlà àwọn ìyá ìjọ, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti ìwé orin lábíyá, ó rìn gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn lójú gbogbo wa, ó lọ jókòó ti ọmọ náà. Kì í ṣe ẹbí rẹ̀, mo bèèrè. Úṣà náà sáré tẹ̀ lé màmá lọ, ó gbé àtẹ fún un, màmá ní, "Máa gbé e lọ, ọmọ mi. Tí wọ́n bá fún eléyìí, èmi náà á gbà."

Wọ́n lọ bá màmá lẹ́yìn ìsìn pé kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti dójú ti ìgbìmọ̀. Màmá ní kí ẹni tó bá mọ̀ pé bẹ́ńṣì yẹn ò yẹ òun dìde dúró kóun rí i. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ọkùnrin tó fún ọmọ yẹn lóyún ńkọ́? Ó wà ní ìjọ míì nígboro, òun ló ń lu dùrù fún wọn.

Ẹ tún wá fi ọjọ́ ìkórè wé e. Tí ìkórè bá dé, ẹni tó ń kọ́lé sí Abuja tó ń bọ̀ wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí gbogbo wa dẹ̀ mọ bó ṣe rí owó ìjọba ìbílẹ̀ kó, àga iwájú ni wọ́n ń fún un, máíìkì ni wọ́n ń gbé fún un, pásítọ̀ á ní ká na ọwọ́ sí i ká súre fún un. Mi ò ní kí wọ́n lé e jáde o. Ibi tó yẹ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ wà ni ilé Ọlọ́run, ibẹ̀ ló yẹ kóun náà wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé owó ra ìdáríjì fún ẹnì kan tí kò tiẹ̀ bèèrè ìdáríjì, ẹni tó ń sunkún bèèrè sì wà nídìí ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká wo Jésù fúnra rẹ̀. Lúùkù orí 19, Sákéù, olórí agbowó orí ní Jẹ́ríkò, olè tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Jésù dé abẹ́ igi síkámórè, ó ní Sákéù, sọ̀kalẹ̀ kíá, ilé rẹ ni mo máa wọ̀ lónìí. Nígbà tó ń sọ ìyẹn, Sákéù ò tíì sọ pé òun máa dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ilé ẹlẹ́ṣẹ̀ ló lọ wọ̀ sí. Ìgbà tó ti gba àlejò tán, tínú rẹ̀ ti dùn, ló wá dìde dúró pé ìdajì ohun ìní mi, mo fún àwọn tálákà, ẹni tí mo bá rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin ni mo máa fi san án padà. Ṣé ẹ rí bó ṣe tò tẹ̀ léra? Tó bá jẹ́ àwa ni, a máa ní kó kọ́kọ́ lọ san owó àwọn èèyàn, kó mú rìsíìtì wá.

Obìnrin tí wọ́n mú nínú àgbèrè ní Jòhánù orí 8 náà ńkọ́. Èmi náà ò dá ọ lẹ́bi, máa lọ, má dẹ́ṣẹ̀ mọ́. Gbólóhùn "èmi ò dá ọ lẹ́bi" ló ṣáájú. Ó dẹ̀ dá mi lójú pé obìnrin yẹn ò bá tí lè gbọ́ "má dẹ́ṣẹ̀ mọ́" sétí rárá tó bá jẹ́ pé ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tí wọ́n gbé dé ọsibítù Ẹ̀gbẹ̀ tí dókítà sọ fún un pé kó padà sílé, kí ibà náà kọ́kọ́ lọ kó tó wá gba ìtọ́jú.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní mò ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣeré. Rárá o. Èmi gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ burú ju bí ìgbìmọ̀ ṣe rò lọ, ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó rò pé ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ nǹkan tí èèyàn lè fi bẹ́ńṣì ẹ̀yìn wò sàn, kò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù kan láyé àtijọ́, sọ nǹkan kan nípa èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ St. Augustine's níbí ní Kàbà, orúkọ rẹ̀ lẹ wọ̀ sáyà, ọmọ Áfíríkà ni, Thagaste tó wà ní Algeria òde òní ni wọ́n bí i sí ní 354. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún 16, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun lọ jí èso pear ká lóru (kì í ṣe píà tiwa yìí o, ti ìlú òyìnbó), ebi ò pa wọ́n, èyí tó dáa ju ìyẹn lọ wà nílé, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n lọ dà á fún. Ó ní kí ló dé tí mo fi ṣe é? Ó wá a títí, ohun tó rí ni pé òun ṣe é torí pé kò tọ́ láti ṣe é. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á. Ọkàn tó lè fẹ́ràn ibi lásán báyìí, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀ kó gbọ́? Ó mọ ohun tó dáa fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò lè ṣe é, títí di 386 nínú ọgbà kan ní Milan, ó ka ẹsẹ kan ní Róòmù 13, nǹkan kan tú sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un.

Ọkùnrin kan wà láyé ìgbà yẹn tó ń jẹ́ Pelagius, ó wá láti ilẹ̀ Britain, ó wà ní Róòmù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, oníwà mímọ́, ohun tó ń bí i nínú ni báwọn Kristẹni ṣe ń gbé ìgbé ayé jákujàku tí wọ́n á ní ara ló ṣe wọ́n. Inú èmi náà ì bá bí. Ó wá ń kọ́ni pé Ọlọ́run ò lè pàṣẹ ohun tí èèyàn ò lè ṣe, pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù kàn jẹ́ àpẹẹrẹ burúkú fún wa ni, kò ba ìfẹ́ inú wa jẹ́, kí kálukú ṣáà gbìyànjú gan-an. Augustine gbàdúrà báyìí pé kí Ọlọ́run fún òun ní ohun tó bá pa láṣẹ, kó wá máa pa á láṣẹ bó ṣe wù ú, Pelagius gbọ́ àdúrà yìí, ara rẹ̀ ò gbà á. Ní 418, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage, ní ilẹ̀ Áfíríkà náà, da ẹ̀kọ́ yẹn nù. Wọ́n ní oore-ọ̀fẹ́ ju kí Ọlọ́run kàn dárí èyí tó ti kọjá jì lọ, òun náà ni agbára tá a fi ń ṣe èyí tó kù.

Mo ń sọ ìtàn yìí torí pé lójú tèmi, ẹ̀kọ́ Pelagius la ń wàásù ní ọ̀pọ̀ pẹpẹ wa láìmọ̀. Gbìyànjú sí i. Gbààwẹ̀ sí i. Dìde lóru sí i. Tó o bá ṣubú, o ò gbìyànjú tó nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ ọ, wọ́n ń gbìyànjú, wọ́n ń ṣubú, ojú ń tì wọ́n, wọ́n á wá kó lọ sí Lọ́kọ́jà tàbí Abuja níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n, wọn ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Apá kejì tún wà, kì í ṣe kékeré. Àwọn oníwàásù kan wà lórí fóònù báyìí tí wọ́n ń sọ pé oore-ọ̀fẹ́ ti kárí ohun gbogbo, kò sóhun tó ń jẹ́ ìrònúpìwàdà fún ẹni tó ti di ọmọ, máa jẹ ayé ẹ. Wọ́n ń fi fídíò wọn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lójoojúmọ́. Pọ́ọ̀lù ti dá wọn lóhùn tipẹ́ ní Róòmù 6: ṣé ká máa bá ẹ̀ṣẹ̀ lọ kí oore-ọ̀fẹ́ lè máa pọ̀ sí i? Ká má rí i. Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ ará Jámánì tí ìjọba Hitler yẹgi fún ní April 1945, pe irú ẹ ní oore-ọ̀fẹ́ olówó pọ́ọ́kú, èyí tó ń dá ẹ̀ṣẹ̀ láre dípò kó dá ẹlẹ́ṣẹ̀ láre. Ẹ ka Títù orí 2 ẹsẹ 11 àti 12, ó ní oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ti fara hàn, ó ń kọ́ wa pé ká kọ ìwà àìmọ Ọlọ́run sílẹ̀. Olùkọ́ ni. Tí nǹkan kan ò bá kọ́ ẹ ní nǹkan kan, tí bó o ṣe wà lánàá náà lo wà lónìí tí ò dẹ̀ dùn ẹ́, wádìí ohun tó o gbà wò.

Mo mọ bàbá kan ní apá Ìjùmú, òun ló ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, ó jẹ nínú rẹ̀, ó pẹ́ kí àṣírí tó tú. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn àgbà bẹ̀ wọ́n. Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù nínú èyí tó jẹ, obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́, lọ bá a nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé èlùbọ́ lọ fún ìyàwó rẹ̀ torí ó gbọ́ pé wọn ò rí jẹ, ó ní, "Bàbá, mo ti dárí ẹ̀ jì yín, ẹ má pa ara yín." Bàbá náà sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé gbogbo èébú tí wọ́n bú òun, òun ń wá bóun ṣe máa sá kúrò nílùú ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí obìnrin yẹn wá lòun kọ́kọ́ sunkún, ọjọ́ yẹn lòun pinnu pé òun máa san án. Tí wọ́n bá ti ta kájú tán lọ́dọọdún, ó máa ń gbé owó lọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ìyàwó ẹ̀ ti ta ìró rẹ̀ kan kún un. Nígbà tí mo bi í pé ṣé ó ń san án kí Ọlọ́run lè dárí jì í ni, ó wò mí bíi pé mi ò gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "Ṣé bí ó ti dárí jì mí tán ni mo ṣe ń san án."

Bàbá Kátólíìkì ni, èmi ECWA, ìjọ tó ti inú iṣẹ́ Gowans àti Bingham yẹn jáde. Àwọn baba ńlá ìgbàgbọ́ wa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1517 tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì, ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, wọ́n gégùn-ún fún ara wọn. Ní October 31, 1999 ní Augsburg, ìjọ Kátólíìkì àti ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Luther àgbáyé fọwọ́ síwèé papọ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nípa ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ Kristi, kì í ṣe nítorí ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ wa, ni Ọlọ́run fi gbà wá, tó dẹ̀ ń fún wa ní Ẹ̀mí Mímọ́ tó ń sọ ọkàn wa dọ̀tun fún iṣẹ́ rere. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà fọwọ́ sí i ní 2006. Àríyànjiyàn ṣì kù o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lójúlé kan náà ní Kàbà tí bàbá ń lọ Máàsì tí ìyá ń lọ ECWA tí ọmọ wà ní Redeem, ó dáa kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan yìí ti di èyí tí wọ́n lè jọ sọ nídìí iyán láìbínú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn alàgbà wa rèé. Ẹ máa ń sọ pé tẹ́ ẹ ò bá fi ojú ẹnì kan rí nǹkan, àwọn tó kù á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi rò ó, látìgbà táwọn ìyá wa ti wà lọ́mọge lẹ ti ń ṣe é, ṣé oyún ilé dínkù? Ohun táwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi ń sọ fún mi ni pé ẹ̀rù ìkéde ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn ló ń ba àwọn ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ, èyí tó bá sì lóyún, ibi tó máa kọ́kọ́ sá lọ ni ọ̀dọ̀ ẹni tó máa bá a ṣẹ́ ẹ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ pásítọ̀. Gálátíà 6 ẹsẹ 1 ní kí àwọn tó jẹ́ ti Ẹ̀mí mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bọ̀ sípò pẹ̀lú ẹ̀mí ìrẹ̀lẹ̀, kí wọ́n máa kíyè sí ara wọn. Ó ní kí wọ́n mú un bọ̀ sípò. Ìbáwí wà nínú Bíbélì, mo gbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú èèyàn wálé.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ wa. Mo ní kí wọ́n fi ìkéde sílẹ̀, kí ìyá ìjọ méjì ló máa lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nílé, kí wọ́n pe ọkùnrin náà pẹ̀lú kó wá gbọ́ bùkátà ọmọ rẹ̀, kí ẹnì kan máa yà lọ kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi bímọ, kí wọ́n má gba orin lẹ́nu rẹ̀. Akọ̀wé ní wọ́n ti rí i gbà, àwọn á jíròrò rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ẹ bá mi gbà á ládùúrà, tí irú rẹ̀ bá wà níjọ tiyín, ẹ kọ tiyín náà.